Míkísà jóná, kéèkì di Sátidé: kí la lè fi rọ́pò irinṣẹ́ áísìn nínú ilé?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó (Ọjọ́rú, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Kéèkì onípele méjì tó fẹ̀ ní ínṣì 8 ni mo fẹ́ fi áísìn bọ́tà bò fún ọjọ́ ìbí ní Sátidé, mo sì fẹ́ fi òdòdó díẹ̀ sí i lórí. Míkísà ti jóná. Kò sí òṣùwọ̀n, kò sí piping bag (àpò tí a fi ń fún áísìn sára kéèkì), kò sí nọ́sùlù (ẹnu àpò náà tó ń fún áísìn ní àwòrán), kò sí àwo tó ń yí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni abọ́ alumíníọ́ọ̀mù ńlá kan, ọmọrogùn, fọ́ọ̀kì, asẹ́ tíì, kúlà, àti bílẹ́ńdà tó ní ife kékeré tí a fi ń lọ nǹkan gbígbẹ. Mo ti ra bọ́tà oní-250g méjì. Ṣúgà oníhóró lásán ni mo ní. Iná ò ṣeé gbọ́kàn lé.

Díẹ̀ tí mo fi dán an wò lọ́sàn-án òní ń ṣàn bí òróró, ó sì ń dún lẹ́nu bí iyanrìn. Kí ló fà á?

Alásè Ẹ̀bútẹ (Ọjọ́rú, 8:41 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Àìsàn méjì ló ń ṣe áísìn yín, oògùn wọn ò sì papọ̀. Ooru ló mú un ṣàn. Ṣúgà tí kò kúnná ló mú un dún lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ooru.

Bọ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí ooru bá ti ń tó ìwọ̀n 32 lórí Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Yàrá ìdáná wa lọ́sàn-án, tí sítóòfù tún ń jó, lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Torí náà, ẹ má po áísìn lọ́sàn-án rárá. Aago márùn-ún ìdájí sí mẹ́fà ààbọ̀ ló dáa jù. Ẹ fi ìka tẹ bọ́tà náà wò: ojú ìka gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tà ò gbọdọ̀ máa dán, kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ìka bí òrí tó ti ń yọ́. Tó bá ti ń dán, ẹ dá a padà sínú kúlà fún ìṣẹ́jú 10.

Ẹ bu omi tútù àti omi dídì wẹ́wẹ́ sínú ọpọ́n tó tóbi ju abọ́ yín lọ, kí ẹ gbé abọ́ náà sínú rẹ̀. Kí omi má ga ju ìdajì abọ́ lọ, kó má baà ta wọlé. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ ọpọ́n, kò ní máa sá kiri. Abọ́ alumíníọ́ọ̀mù dáa fún èyí torí pé òtútù tètè ń wọ̀ ọ́, àmọ́ ọmọrogùn nìkan ni kẹ́ ẹ lò nínú rẹ̀. Tí fọ́ọ̀kì tàbí ṣíbí irin bá ń ha á, áísìn funfun yóò ní àwọ̀ eérú, kò sì sí ohun tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ má rò ó bí ẹni ń ro àmàlà o. Ẹ tẹ bọ́tà mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́, ẹ fà á wá sọ́dọ̀ ara yín, ẹ kó o jọ, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 8 sí 10 ni iṣẹ́ yẹn, títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń ṣí àwọ̀ náà, òun náà ló ń mú un fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà áísìn (ṣúgà tó kúnná bí pọ́dà), ní ìdá mẹ́rin; kí ìdá kan rin tán kí èkejì tó wọlé. Ẹ pa fáànù, tí ẹ ò bá fẹ́ kí gbogbo ilé funfun.

Ìwọ̀n rẹ̀: bọ́tà 250g, ṣúgà áísìn 500g, iyọ̀ ìwọ̀n ìfọwọ́mú kan, mílíìkì ṣíbí ìjẹun kan sí méjì.

Àdùkẹ́ Sábó (Ọjọ́rú, 8:50 alẹ́)

Ẹ ra ìjábẹ̀ tuntun lọ́jà, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, kó gbẹ. Ó yá ju ọmọrogùn lọ. Ohun tó lè fọ́ ewédú, kí ni kò lè lù?

Tíṣà Oúnjẹ Ìjẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́rú, 9:06 alẹ́)

Àdùkẹ́, mi ò fara mọ́ ìyẹn o. Ewédú jẹ́ ohun olómi, ìjábẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bọ́tà le, yóò máa ṣẹ́ ẹyọ ìjábẹ̀ wẹ́wẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ sínú áísìn, ojú ò ní tètè rí i, ọ̀fun ọmọdé ló máa há sí. Tí ẹ bá fẹ́ ohun tó yá, ẹ kó fọ́ọ̀kì méjì papọ̀, kí ẹ̀yìn wọn kọjú síra, ẹ fi rọ́bà so ìdí wọn. Inú abọ́ tánganran tàbí ti ike ni ẹ ti máa lò ó, torí ohun tí Alásè sọ nípa alumíníọ́ọ̀mù. Ìgbà tí bọ́tà bá ti rọ̀ tán ló wúlò. Ọmọrogùn ló ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ti ṣúgà, ẹ lè fi oníhóró yín ṣe ṣúgà áísìn: ṣúgà oníhóró 200g, kọ̀ǹfláwà ṣíbí ìjẹun kan tí ẹ fi ọ̀bẹ gé lórí. Kọ̀ǹfláwà náà ni kì í jẹ́ kó dì. Ẹ má fi fùláwà búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀: fùláwà tútù máa ń rí lẹ́nu bí ìyẹ̀fun tí kò jinná, kò sì dáa kí a fún ọmọ jẹ láì sè é. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú ife gbígbẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ, ẹ tún fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ fi ìka méjì pa á: ó gbọ́dọ̀ rí bí pọ́dà. Tí hóró kan bá ṣì wà níbẹ̀, áísìn náà á dún lẹ́nu.

Atúnbílẹ́ńdàṣe Ọ̀gọlọ́ńtọ̀ (Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́)

Tíṣà, ẹ ẹ̀ ní bínú, ìṣẹ́jú mẹ́ta ní àlọtẹ̀léra ló ń jó mọ́tò ife kékeré. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún tó. Mọ́tò tó gbóná á tún mú ṣúgà gbóná, ṣúgà gbígbóná á sì fa ọ̀rinrin mọ́ra, á di ìṣù. Kí ohun tó wà nínú ife má ju ìdajì lọ.

Ẹ má ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí eruku inú rẹ̀ wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ kò ní wúkọ́.

Ohun kan tí ẹ gbàgbé: ife tí a fi ń lọ ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí tàbí edé kò ní jẹ́ kí áísìn ní òórùn tó dáa. Ẹ kọ́kọ́ fi ìrẹsì gbígbẹ tí a kò sè, ìkúnwọ́ kan, lọ̀ ọ́, ẹ dà á nù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ tú rọ́bà rírọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kó gbẹ mọ́jú. Abẹ́ rọ́bà yẹn ni ata ń sá pamọ́ sí.

Ìyá Aládùn Àgbọ̀wá (Ọjọ́rú, 10:12 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ṣúgà kankan. Fún bọ́tà méjì yín, kílò kan ṣúgà ni wọ́n ń sọ pé kí ẹ lọ̀ nínú ife tí kò gbà ju ìwọ̀nba lọ, lórí iná tí kò ṣeé gbọ́kàn lé! Àísìn kan wà tí ṣúgà oníhóró gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é, torí pé ẹ máa sè é, ṣúgà á sì yọ́ tán nínú ìkòkò. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ògì í sè ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Fún bọ́tà 250g kan: mílíìkì olómi 250ml (tàbí mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tí ẹ fi omi pò dé ìwọ̀n yẹn), ṣúgà 200g, fùláwà 40g, ìyẹn ṣíbí ìjẹun márùn-ún tí ẹ gé lórí, iyọ̀ díẹ̀, fàníílà ṣíbí tíì kan. Bọ́tà méjì lẹ ní, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Á tó fún àárín, ara àti òdòdó.

Ẹ kọ́kọ́ po ṣúgà àti fùláwà ní gbígbẹ nínú ìkòkò. Èyí ṣe pàtàkì: hóró ṣúgà ló ń ya fùláwà síra, kò ní di kókó. Ẹ wá máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó. Iná kékeré sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ má fi ọwọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, pàápàá igun ìsàlẹ̀ ìkòkò, ibẹ̀ ló ti ń jóná. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó gbùdùgbùdù, ẹ fi ìṣẹ́jú kan sí méjì kún un, kí fùláwà jinná. Á ki ju ògì mímu lọ, kò ní tó ẹ̀kọ tútù. Tí ẹ bá fi ọmọrogùn fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ á rí ìsàlẹ̀ náà kedere kí ìlà tó padé. Tí kókó bá wà, ẹ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná.

Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú tíréè, kí èéfín rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ ọ̀rá mímọ́ mọ́ ojú rẹ̀ gan-an kó má baà dì lójú bí ògì tó tutù. Ẹ má lo ewé, ó ń fi àwọ̀ àti òórùn sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ fi díẹ̀ kan ọrùn-ọwọ́: tí ẹ bá gbọ́ ìlọ́wọ́ọ́wọ́ kankan, kò tíì tó, á yọ́ bọ́tà yín. Ìgbà yẹn ni ẹ máa tẹ bọ́tà bí Alásè ṣe júwe, tí ẹ ó wá máa fi ohun sísè náà sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Kò sí eruku, kò sí iyanrìn lẹ́nu, apá ò sì ní ro yín púpọ̀.

Alásè Ẹ̀bútẹ (Ọjọ́rú, 10:30 alẹ́)

Ìyá Aládùn, ọ̀rọ̀ yín dára, mo gbà pé òun ló rọrùn jù fún ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ibi tó ti lẹ́gẹ́. Ó rọ̀ ju ti ṣúgà áísìn lọ, mílíìkì àti fùláwà sísè sì wà nínú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti ju ìwọ̀n 32 lọ, kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí kan. Níbi tó tutù díẹ̀, wákàtí méjì. Kéèkì tí wọ́n máa gbé sórí tábìlì lábẹ́ kánópì láti aago méjìlá títí di aago mẹ́rin, kì í ṣe òun ni kẹ́ ẹ lò.

Ìyá Aládùn Àgbọ̀wá (Ọjọ́rú, 10:37 alẹ́)

Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Inú kúlà ni kó wà títí wọ́n á fi fẹ́ gé e.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó (Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bùkún fún un yín. Inú ilé ni a ti máa gé e, wọn ò ní pẹ́. Èyí tí a ń sè wù mí. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ 200g láìsí òṣùwọ̀n?

Káfíńtà Ìjẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 7:02 àárọ̀)

Ẹ fi háńgà aṣọ ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ gbé e kọ́ ìṣó, kó má kan ògiri. Ẹ so ọ̀rá méjì tó dọ́gba mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ rí i pé ó dúró gbọọrọ nígbà tí ọ̀rá ṣófo. Píọ̀wọ́tà kan jẹ́ 500g; ẹ fi sí apá kan, kí ẹ máa bu ṣúgà sí apá kejì títí háńgà yóò fi dọ́gba.

Fún àwo tó ń yí: ẹ wá ọmọrí rọ́bà ọ̀dà tó mọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé òkè kí etí rẹ̀ lè gba nǹkan dúró. Ẹ tú mábù tí àwọn ọmọdé fi ń ta sínú rẹ̀, kí wọ́n dọ́gba, kó jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, kí àyè díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ẹ gbé tíréè róbótó tó tẹ́jú lé wọn lórí. Etí ọmọrí gbọ́dọ̀ kúrú ju mábù lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tíréè á máa ha etí. Kéèkì gbọ́dọ̀ wà láàárín gan-an. Tó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tíréè á dagun.

Tíṣà Oúnjẹ Ìjẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 7:25 àárọ̀)

Káfíńtà, háńgà yẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé píọ̀wọ́tà. Ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá ni 50cl, omi inú rẹ̀ kì í dọ́gba. Ìyá Ìbejì, ẹ ò lè ṣàì ní fídà ọmọ nílé! Ìlà ml wà lára rẹ̀. Omi 1ml jẹ́ 1g. Ẹ wọn omi 200ml nínú fídà, ẹ dà á sínú ọ̀rá apá kan, ṣúgà tó bá bá a dọ́gba jẹ́ 200g. Ẹ fi fídà yẹn kan náà wọn mílíìkì. Ẹ gbé e kalẹ̀ lórí ibi tó tẹ́jú, kí ojú yín wà ní ìpele ìlà. Ẹni tó bá ń wò ó látòkè á ṣì í wọ̀n. Sìríńjì oògùn ọmọ tó jẹ́ 5ml ni ṣíbí tíì fàníílà yín.

Àdùkẹ́ Sábó (Ọjọ́bọ̀, 9:48 àárọ̀)

Ní ti piping bag, ọ̀rá píọ̀wọ́tà ń ṣiṣẹ́, mo dúró lórí èyí. Inú rẹ̀ mọ́, omi mímu ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìta rẹ̀ kí ẹ tó gé e, ẹ gé orí rẹ̀ gbọọrọ, ẹ da omi nù, kó ro gbẹ. Ẹ ti ìkan bọ inú ìkejì torí pé ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ló máa ń ya. Ẹ má kún un ju ìdajì lọ. Ẹ lọ́ orí rẹ̀ pọ̀, òkè ni ẹ ti máa fún un, kì í ṣe àárín.

Nọ́sùlù: ẹ gé agolo móòtì, ẹ ká a bí ojú ìwo, ẹ gé ẹnu rẹ̀ ní eyín-eyín.

Káfíńtà Ìjẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 10:15 àárọ̀)

Ẹ má fi agolo ṣe é o! Etí agolo tí a fi sísọ́ọ̀sì gé máa ń já wẹ́wẹ́ bí irun, ojú ò lè rí i nínú áísìn. Ike ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ gé ọrùn ìgò ike 50cl, níwọ̀n ìka méjì sábẹ́ ibi tí ìdérí dúró. Ẹ gé igun kan ọ̀rá yín, ẹ fa igun yẹn gba inú ọrùn ìgò náà jáde, ẹ yí i padà bo ẹnu, kí ẹ wá dé ìdérí lé e. Ìdérí yẹn á di ọ̀rá mú, kò ní yọ. Kí ẹ tó dé e, ẹ ti fi orí ọ̀bẹ mímú gé àwòrán ìràwọ̀ sí àárín ìdérí, ẹsẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó fẹ̀ tó orí ìka kékeré. Ẹ fi omi tutù ṣàn án, ẹ fi ìka wò ó bóyá ike wẹ́wẹ́ ṣì ń yọ, ẹ gé e kúrò. Ẹ má fi irin gbígbóná lu ú. Ike tó jóná ń rùn, etí rẹ̀ sì ń ki.

Alásè Ẹ̀bútẹ (Ọjọ́bọ̀, 10:52 àárọ̀)

Fún ewé àti ọ̀rọ̀ kíkọ lórí kéèkì, kọ́ńà bébà ló dáa jù. Bébà tí a fi ń yan kéèkì ni o, kì í ṣe ìwé ìròyìn, kì í sì í ṣe ojú ìwé ọmọ iléèwé, torí yíǹkì. Ẹ gé e ní onígun mẹ́rin tó dọ́gba, 30cm, ẹ gé e láti igun sí igun di méjì. Ẹ ká a sí kọ́ńà kí ṣóńṣó rẹ̀ mú, ẹ ṣẹ́ etí òkè rẹ̀ sínú kó má tú. Tí ẹ bá gé ṣóńṣó rẹ̀ gbọọrọ tó 2mm, lẹ́tà ló máa kọ. Tí ẹ bá gé e bí orí ọfà, ewé ló máa yọ.

Fún dídán ara kéèkì, rúlà ike tuntun 30cm. Áísìn tín-ínrín lẹ kọ́kọ́ máa fi bò ó láti di ẹrún kéèkì mú, ẹ gbé e sínú kúlà fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó fi ìpele kejì bò ó. Ẹ ki rúlà bọ omi gbígbóná, ẹ nù ún gbẹ, ẹ mú un dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì; tíréè ni kẹ́ ẹ máa yí, ọwọ́ rúlà ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan.

Ìyá Aládùn Àgbọ̀wá (Ọjọ́bọ̀, 11:20 àárọ̀)

Tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má dà á nù. Tó bá rọ̀ jù, ẹ má fi ṣúgà kún un, ẹ gbé abọ́ sínú omi dídì fún ìṣẹ́jú 10, ẹ tún lù ú. Tó bá dà bí ẹyin fífọ́, tí omi ń yà kúrò lára bọ́tà, òtútù ló pọ̀ jù: ohun sísè náà tutù ju bọ́tà lọ. Ẹ bu ṣíbí mẹ́ta lára rẹ̀, ẹ gbé e sórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó rọ̀, ẹ dà á padà, ẹ máa lù ú lọ. Á kọ́kọ́ burú sí i kó tó papọ̀, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ wo ara bọ́tà yín dáadáa pẹ̀lú. Èyí tí a ń fi pa búrẹ́dì máa ń ní omi púpọ̀. Èyí tí wọ́n kọ ọ̀rá 80% sí lára ni kẹ́ ẹ lò.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó (Ọjọ́bọ̀, 1:05 ọ̀sán)

Mo ti wò ó, 80% ló wà lára rẹ̀. Fídà wà, mábù wà. Èyí sísè ni mo máa ṣe, mo máa sè é lálẹ́ ọ̀la, mo máa tẹ bọ́tà ní ìdájí Sátidé. Ìbéèrè kan ló kù: kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni a máa fi gbé e lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, báwo la ṣe máa gbé e tí kò fi ní bàjẹ́ lọ́nà?

Alásè Ẹ̀bútẹ (Ọjọ́bọ̀, 1:31 ọ̀sán)

Tí ẹ bá sè é lálẹ́, inú kúlà tó ní omi dídì ni kó sùn, pẹ̀lú ọ̀rá lójú. Láàárọ̀, ẹ mú un jáde ní ìṣẹ́jú 20 ṣáájú bọ́tà, kí òtútù wọn lè sún mọ́ra, kó má baà ṣe ohun tí Ìyá Aládùn sọ yẹn.

Fún kẹ̀kẹ́: páálí tó fi ìka kan péré fẹ̀ ju pátákó kéèkì lọ, kó má lè sún. Ẹ lẹ pátákó mọ́ ìsàlẹ̀ páálí pẹ̀lú áísìn ṣíbí kan. Ẹ di píọ̀wọ́tà méjì tó ti dì gbagidi sínú aṣọ, ẹ fi wọ́n sí igun páálí, kí wọ́n má kan kéèkì. Ilẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé páálí lé, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe orí itan. Itan ń gbóná, ó sì máa ń dagun. Kí ẹ kúrò nílé kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀.